Ṣé Amẹ́ríkà nìkan ni ààjà ti ń pààyàn ni? Àbúrò mi ń kó lọ sí Bẹ́ljíọ̀m

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì

Ẹ̀yin ará, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti pẹ́ tí àbúrò mi ọkùnrin ti wà ní Dallas. Kò sí ọdún kan tí kì í fi fídíò ààjà tó ń wó ilé ránṣẹ́ sí wa, àyà wa á sì máa já. Ní báyìí ó ti ríṣẹ́ sí Bẹ́ljíọ̀m, lẹ́bàá Antwerp. Ó ní òun ti bọ́ lọ́wọ́ ìjì nìyẹn, pé Amẹ́ríkà nìkan ni irú ẹ̀ ti ń jà. Ilé ló ń wá báyìí. Ó ní èyí tó ní yàrá abẹ́-ilẹ̀ ti wọ́n jù, òun ò sì nílò ẹ̀ mọ́. Ọkọ mi ní kó má sọ bẹ́ẹ̀, pé ààjà ti pa èèyàn rí ní àgbègbè yẹn. Ta ló jàre nínú wọn? Ẹ má sì wulẹ̀ sọ pé ká lọ gbàdúrà o, a ti ń gbà á.

* * *

Èsì

Ọkọ yín ló jàre. Ibi tó ṣẹlẹ̀ ò tiẹ̀ jìnnà sí ibi tí àbúrò yín ń kó lọ.

Ìlú kékeré kan wà ní agbègbè Antwerp tí wọ́n ń pè ní Oostmalle. Lọ́jọ́ Sunday, ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 1967, ààjà já wọ ibẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Sint-Laurentius tó wà láàárín ìlú wó. Ilé tí òrùlé rẹ̀ ṣí, ilé tí ògiri rẹ̀ ya, ilé tó wó palẹ̀ pátápátá, gbogbo rẹ̀ kún ìlú náà ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Oostmalle kọ́ ló ṣáájú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 24, àríwá ilẹ̀ Faransé ló kọ́kọ́ kàn. Ní abúlé Palluel, èèyàn 6 ló kú. Ní Pommereuil, èèyàn 2. Nígbà tó di Sunday ló wọ Bẹ́ljíọ̀m, ó sì ṣe é dé Nẹ́dálándì: èèyàn 2 kú ní Chaam, èèyàn 5 kú ní Tricht. Ẹ ò rí i pé èèyàn 15 ló bá a lọ, ní orílẹ̀-èdè méjì, láàárín ọjọ́ méjì péré.

Kì í ṣe ìjì kan ṣoṣo ló ń rìn kiri o. Oríṣiríṣi ààjà ni, tí àwọn òjò alárá ń bí níbí, tí wọ́n tún ń bí lọ́hùn-ún. Èyí tó wọ Palluel, F5 ni wọ́n kà á sí. Lórí òṣùwọ̀n Fujita tí wọ́n fi ń díwọ̀n ààjà, kò sí èyí tó ga ju ìyẹn lọ. Iye ilẹ̀ Yúróòpù tó tíì fojú rí irú ẹ̀ ò pọ̀ rárá.

Ẹ lè bèèrè pé kí ló dé tí àwọn àgbà wa ò gbọ́ nípa ẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1967, wọ́n ti kéde Biafra láti ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún, ogun sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù keje. Ta ló fẹ́ máa gbọ́ ìròyìn ìjì Faransé nígbà yẹn?

* * *

Èsì sí àwọn tó ní "ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló tẹ́jú, ìdí nìyẹn"

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ títẹ́jú nìkan kì í bí ààjà. Ilẹ̀ Chad náà tẹ́jú.

Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pàdé. Àkọ́kọ́ ni afẹ́fẹ́ gbígbóná tó rin, nísàlẹ̀. Ìkejì ni afẹ́fẹ́ tútù lókè rẹ̀, kí tìsàlẹ̀ lè máa sáré gòkè bí ìgbà tí wọ́n lé e. Ẹ̀kẹta ló máa ń fẹ́ẹ́ sú àwọn èèyàn: atẹ́gùn ìsàlẹ̀ àti tòkè ò gbọ́dọ̀ fẹ́ síbì kan náà, wọn ò sì gbọ́dọ̀ yára bákan náà. Bí ọmọdé ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí bírò náà ni atẹ́gùn méjèèjì á ṣe máa yí afẹ́fẹ́ tó wà láàárín wọn. Yíyí yẹn á kọ́kọ́ dùbúlẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ tó ń gòkè bá gbé e nàró, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹsẹ̀-mi-gbà-mí.

Amẹ́ríkà ní ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́pọ̀ yanturu. Ọ̀rinrin ń ti inú Òkun Mexico wá, òtútù ń ti Kánádà bọ̀, kò sì sí òkè tó dábùú láàárín wọn. Nǹkan bí 1,200 ààjà ni wọ́n ń kà níbẹ̀ lọ́dún. Ti Yúróòpù ò tó bẹ́ẹ̀, torí àwọn òkè Alps àti Pyrenees ń dí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ooru á gba ọ̀nà Sípéènì gòkè lọ sí Faransé àti Bẹ́ljíọ̀m, òtútù Àtìláńtíìkì á sì wá pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1967 nìyẹn. Ooru ẹ̀ẹ̀rùn ni, ìdí nìyẹn tí oṣù kẹfà, ìkeje àti ìkẹjọ fi jẹ́ oṣù tó yẹ kí ará Yúróòpù máa wojú sánmà dáadáa.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 2021, ààjà gba Hrušky, Moravská Nová Ves, Mikulčice àti Lužice kọjá títí dé Hodonín, ní orílẹ̀-èdè Ṣẹ́ẹ̀kì. Èèyàn 6 kú. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, òmíràn ṣí òrùlé ilé ní Librantowa, ní Pólándì. Ẹni tó bá ń sọ pé "láyé àtijọ́ ni" kó lọ wo fọ́tò Moravská Nová Ves.

* * *

Èsì sí ẹni tó ní "èèyàn 15 péré, ṣé ìyẹn náà ni ẹ ń pariwo?"

Ọ̀rọ̀ yìí bí mi nínú díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò, torí ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè Ìyá Ìbejì wà.

Ẹ fi Oostmalle wé Chaam. Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Oostmalle á dé Chaam kí wákàtí kan tó pé, ẹnubodè ló kàn wà láàárín wọn. Ní Oostmalle, ọ̀pọ̀ ilé ló wó, ṣọ́ọ̀ṣì wó, àmọ́ wọn ò gbé òkú kankan jáde. Ní Chaam, èèyàn 2 ló kú, ibẹ̀ sì jẹ́ ibi tí àwọn èèyàn ti ń pàgọ́ lásìkò ìsinmi. Abẹ́ aṣọ àgọ́ àti nínú káráfáànì ni wọ́n wà, kì í ṣe nínú ilé bíríkì.

Bọ́rọ̀ ṣe rí ní Amẹ́ríkà náà nìyẹn. Àwọn tó ń gbé inú ilé tí wọ́n fi mọ́tò wọ́, tí wọ́n kàn gbé kalẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù, kò pọ̀ láàárín ará ìlú, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń ka òkú ààjà, àwọn ló máa ń pọ̀ jù. Ìjì kan náà, àdúgbò kan náà, oníbíríkì á máa ṣa páànù nínú ọgbà, aládùúgbò rẹ̀ á wà ní mọ́ṣúárì.

Torí náà, èmi ò rò pé ìbéèrè "orílẹ̀-èdè wo" ló yẹ kí àbúrò yín máa bèèrè. Kó bèèrè pé irú ilé wo ni òun máa wà nínú ẹ̀, àti pé tí wọ́n bá fún òun ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ibo ni òun máa wọ̀. Tó bá jẹ́ káráfáànì ló fẹ́ kọ́kọ́ gbà kó tó rí ilé, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe tí owó ilé bá wọ́n, ìyẹn ló yẹ kó bà yín lẹ́rù ju ọ̀rọ̀ Dallas lọ.

* * *

Àríyànjiyàn tí kò fẹ́ tán: fèrèsé, mọ́tò, abẹ́ afárá

Mo ti ka gbogbo èsì yín. Ọ̀nà mẹ́ta lẹ pín sí, ẹ sì fẹ́ẹ̀ ti máa bú ara yín.

Àwọn kan ní kí á ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí ilé má bàa bú gbàmù. Ìmọ̀ràn àtijọ́ ni, wọ́n ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ilé kì í bú nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Atẹ́gùn tó bá ráyè wọlé ló ń gbé òrùlé láti abẹ́, tí òrùlé bá sì ti lọ, ògiri ò ní ohun tó ń dì í mú mọ́. Ẹni tó dúró ti fèrèsé láti ṣí i, iwájú gíláàsì gan-an ló dúró sí. Ìyá wa nílé tí í máa pariwo "ẹ ti fèrèsé!" tí òjò bá ṣú, òun ló mọ̀ jù.

Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì ní kí á wọ mọ́tò ká sá. Ọ̀gá kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé òun sá fún ọ̀kan báyìí ní Oklahoma, òun rí i tó ń jó lẹ́yìn òun nínú dígí. Mo gbà fún yín, sà. Ṣùgbọ́n ní El Reno, Oklahoma yẹn kan náà, ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2013, gbogbo ìlú ló ronú bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ọ̀nà dí gbagba. Ààjà náà fẹ̀ tó kìlómítà 4, ó sì yí ọ̀nà padà lójijì. Ó pa àwọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn gan-an ni láti máa lépa ìjì, tí wọ́n ní ẹ̀rọ, tí wọ́n mọ ọ̀nà. Tí àwọn yẹn ò bá ríbi sá gbà, èmi àti ìwọ ńkọ́?

Abẹ́ afárá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa fídíò àtijọ́ àwọn tó sá sábẹ́ afárá yẹn rẹ́ lórí fóònù yín. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1999, èèyàn 3 ló kú lábẹ́ afárá lọ́wọ́ ààjà Oklahoma. Atẹ́gùn tó bá fún wọ abẹ́ afárá ń le sí i ni, àwọn páànù àti igi tó ń gbé bọ̀ á sì gba ibẹ̀ kọjá. Tí ó bá ká yín mọ́ inú mọ́tò lóòótọ́ tí kò sí ilé nítòsí, ẹ de bẹ́líìtì, ẹ tẹ orí ba sí ìsàlẹ̀ fèrèsé, kí ẹ fọwọ́ bò ó. Tàbí kí ẹ lọ dojúbolẹ̀ nínú kòtò tó relẹ̀ ju ọ̀nà lọ. Méjèèjì ò dáa. Wọ́n kàn sàn ju abẹ́ afárá ni.

Ibi tó dáa ni abẹ́-ilẹ̀. Tí kò bá sí, yàrá kékeré tó wà láàárín ilé, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, tí kò ní fèrèsé: balùwẹ̀, abẹ́ àtẹ̀gùn, ibi tí wọ́n ń kó aṣọ sí.

* * *

Ẹnì kan ní kí n sọ èyí tí ojú mi rí

Mo gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rí, ní Texas. Lálẹ́ ọjọ́ kan, fóònù gbogbo wa pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo burúkú yẹn tí kì í jẹ́ kéèyàn ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò bèèrè ohunkóhun. Ó ti wọ́ mátírẹ́ẹ̀sì gba ọ̀nà kọ́rídọ̀ kí n tó rí sálúbàtà mi. "Bàtà ni kó o wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà! Ṣé orí gíláàsì lo fẹ́ fi ẹsẹ̀ lásán rìn?" A kó wọ balùwẹ̀ abẹ́ àtẹ̀gùn. Ó fi àṣíborí kẹ̀kẹ́ lé àwọn ọmọ lórí. Èyí tó kéré jù ò ní, ni ó bá dé ìkòkò lé e lórí, ìkòkò tuntun tí wọn ò tíì yọ bébà rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ó wà níwájú ilé, ó ń ya fídíò.

Yìnyín ló lé e wọlé, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ìyàwó. Ó ń bọ́ gbà-gbà-gbà lórí mọ́tò, nígbà tílẹ̀ sì mọ́, bónẹ́ẹ̀tì ti kún fún kòtò wéléwélé. Ààjà náà ò dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀rọ̀ lórí fídíò yẹn, àmọ́ láti ọjọ́ náà ni fóònù ọkọ rẹ̀ ti máa ń kọ́kọ́ wọ balùwẹ̀ kí òun alára tó wọ ibẹ̀. Òun ló ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

* * *

Lórí ìkìlọ̀: ṣé wọ́n kìlọ̀ fún àwọn ará 1967 yẹn?

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi. Ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ Nẹ́dálándì, KNMI, rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Faransé lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tó di Sunday, wọ́n fi í sínú ìròyìn ojú ọjọ́ pé ààjà lè jà. Àwọn onímọ̀ máa ń ka ìyẹn sí ìkìlọ̀ ààjà àkọ́kọ́ ní Yúróòpù. Ẹ má gbàgbé pé ní Amẹ́ríkà pàápàá, títí di 1950, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ìjọba ò gbọdọ̀ dárúkọ tornado, ìyẹn ààjà yìí lédè wọn, nínú ìròyìn, kí ará ìlú má bàa dààmú. Àwọn ọmọ ogun òfúrufú méjì, Fawbush àti Miller, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ tó sì ṣẹ, ní Tinker, Oklahoma, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1948.

Nítorí náà, KNMI gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ẹni tó wà nínú àgọ́ ní Chaam lọ́sàn-án Sunday. Ta ló gbé rédíò dání? Tó bá tiẹ̀ gbọ́, "ààjà lè jà" túmọ̀ sí kó ṣe kí ni? Kò rí i rí, bàbá rẹ̀ ò rí i rí. Èmi ò gbà pẹ̀lú ẹni tó kọ ọ́ pé ẹ̀bi wọn ni wọn ò ṣe sá. Ìkìlọ̀ tí ò sọ ibi téèyàn máa wọ̀, ìròyìn lásán ni.

Nísinsìnyí, fóònù ló ń ṣe é. Nẹ́dálándì ní NL-Alert, Bẹ́ljíọ̀m ní BE-Alert. Kí àbúrò yín lọ forúkọ sílẹ̀ fún BE-Alert ní ọ̀sẹ̀ tó bá dé, kó fi àdírẹ́sì ilé sí i. Fèrè ńlá tó ń ké ní Dallas yẹn, ẹni tó wà níta ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó sùn nínú ilé tí ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn lè má gbọ́ ọ rárá.

Fún àwọn tó ṣì wà ní Amẹ́ríkà: "watch" túmọ̀ sí pé èlò ọbẹ̀ ti pé lórí tábìlì; "warning" túmọ̀ sí pé wọ́n ti rí i lójú tàbí lórí rédà. Ìkejì ni kì í dúró de ẹni tó ń wá ṣájà.

* * *

Èsì sí Bàbá láti Ìbàdàn

Bàbá ní ààjà kì í pààyàn, pé ó ń gbéni lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ni, lẹ́yìn ọdún mélòó kan ẹni náà á padà wálé pẹ̀lú ewé àti egbò. Bàbá, a gbọ́. Ìyẹn ni tilé. Èyí tó wọ Palluel ò dá ẹnikẹ́ni padà.

Wọ́n tún bèèrè bóyá ìjì tó ṣí òrùlé ilé-ìwé àdúgbò wọn ní oṣù kẹrin náà jẹ́ tornado. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa kì í ṣe é. Ìjì òjò wa ń ti ìlà-oòrùn bọ̀, ó tò lọ gbọọrọ, ó máa ń le jù nígbà tí àsìkò òjò bá ń bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Atẹ́gùn rẹ̀ ń fẹ́ lọ tààrà. Ẹ lè fojú ara yín dá a mọ̀ lọ́jọ́ kejì: tí gbogbo páànù àti igi bá dojú kọ ọ̀nà kan náà, atẹ́gùn tààrà ni. Tí igi ọ̀tún bá wó sí òsì, tí tòsì wó sí ọ̀tún, tí ilé kan lọ tí èyí tó tẹ̀ lé e ò sì fara kan nǹkankan, ẹ pe àwọn onímọ̀ wá wò ó.

Ṣùgbọ́n páànù tó ń fò ò bèèrè orúkọ ìjì kó tó géni. Abẹ́ pátákó ìpolówó àti abẹ́ igi máńgòrò kì í ṣe ibi àsálà.

* * *

Èsì ìkẹyìn lọ́wọ́ mi

Ẹni tó ní Ìlú Ọba ò lè rí i: Birmingham, ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 2005. Sparkbrook, Balsall Heath, Moseley. Ó fa igi tu, ó ṣí òrùlé, èèyàn 19 fara pa. Kò sẹ́ni tó kú.

Ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì tí ẹnì kan mú wá ṣe pàtàkì: ìnṣọ́ránsì onílé ń bo ògiri àti òrùlé, kì í bo bẹ́ẹ̀dì, tẹlifíṣọ̀n àti aṣọ ayálégbé. Kí àbúrò yín ra tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó sì kà á bóyá ìjì wà nínú ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, mo rí i tí ẹ padà wá kọ ọ́ pé ó ti rí ilé kan tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tó ní yàrá abẹ́-ilẹ̀, ṣùgbọ́n pé onílé ló ń kó ẹrù sí ibẹ̀ tó sì ń tì í pa. Ilé yẹn dáa, kó gbà á. Àmọ́ kó tó fọwọ́ sí ìwé, kó bèèrè kọ́kọ́rọ́ abẹ́-ilẹ̀ náà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ó ní ẹ̀tọ́ láti wọ ibẹ̀ nígbàkigbà. Tí onílé bá ní kò ṣeé ṣe, kó lọ wo abẹ́ àtẹ̀gùn ibẹ̀ bóyá ó gba òun àti ìyàwó pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Tí kò bá gbà wọ́n, kó máa wá ilé mìíràn.